Ọwọ́ Tó Di Bìláàlì Mú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ sún mọ́ra yín. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, kó gbé atẹ rẹ̀ wá síbí kó máa ṣà á lọ. Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó dojú rẹ̀ bolẹ̀ ná. Ààyè ṣì wà lórí ẹní. Ìtàn yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó lè rú yín lójú díẹ̀, bó ṣe rú ọmọ tó ṣẹlẹ̀ sí lójú.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ń sáré bọ̀ lójú títì Kàbà ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹsẹ̀ ènìyàn kan sì yọ síta lára rẹ̀. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ náà. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́: Virtue lápá ọ̀tún, Olúmidé lápá òsì, Bìláàlì láàárín wọn. Orí Bìláàlì ń ṣubú sọ́tùn-ún, ó ń ṣubú sósì, bí orí ọmọ ọwọ́ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Ibà ni," Virtue ní. "Ṣé o gbọ́ mi? Bí màmá ẹ̀ bá bèèrè, ibà ló kọ lù ú lánàá. A ó gbé e sílẹ̀, a ó kí wọn, a ó lọ."

"Bó bá wá jí, tó sọ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹran kì í sọ̀rọ̀."

Ẹran ni wọ́n ń pe ẹni tó bá fẹ́ wọ Ẹgbẹ́ Ọmọ Àpáta, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ń lọ. Virtue ni olórí wọn. Lánàá, lórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n kó àwọn tuntun jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa rá, kí wọ́n máa ké bí ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ògógóró jáde. Bìláàlì, ọmọ ìmàle tí ọtí kò kan ètè rẹ̀ rí, ní òun kò ní mu. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹran ò yan koríko!" Wọ́n wá gbé orin:

*Mu ún, ẹran, mu ún,*
*Ẹni tó mu ún la mọ̀ nílé,*
*Ẹni tó bì í, a ò mọ ìyá rẹ̀,*
*Mu ún, ẹran, mu ún.*

Orin náà dùn. Ohun tó burú lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ á ti máa jó o kí orí tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí.

Olúmidé fúnra rẹ̀ ti ṣe ẹran lọ́dún tó kọjá. Ó mu tirẹ̀, ó dákú, ó jí, wọ́n sì gbá a mọ́ra. Ọmọ ìlú Ẹ̀júkù ni, kò mọ ẹnì kankan ní Kàbà kí ó tó di ọjọ́ yẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí Bìláàlì, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, ní òun náà fẹ́ wọ ẹgbẹ́, Olúmidé ló mú un lọ. Wọ́n ti ń fi Bìláàlì ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ọmọ màmá ni wọ́n ń pè é, nítorí pé gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wálé wá jẹun. Olúmidé rò pé ọtí yìí ni yóò bá a pa orúkọ náà rẹ́. Ó rò pé gbogbo ènìyàn ló ń jí.

Àsíyátù, ìyá Bìláàlì, ń gbálẹ̀ lójúde nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró. Ó sọ ìgbálẹ̀ nù.

"Yéè! Ta lẹ gbé yìí? Bìláàlì mi kọ́ nìyẹn?"

"Okun o, Ìyá." Virtue kí i bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kàbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ibà ni o. Ó ti ń gbọ̀n láti àná. A ní ká má fi í sílẹ̀ lóun nìkan."

"Ibà?" Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ẹ̀rín sì bo gbogbo ojú rẹ̀. "Ibà lásán-làsàn! Ìdí nìyẹn tí kò fi wálé lánàá! Ẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Mo ti rò pé mọ́tò ló gbá a. Ọlọ́run á kẹ́ yín, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ gbé e wọlé, ẹ gbé e wọlé."

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó dojú kọ òrùlé. Virtue ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Olúmidé bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí, ó ní, "Okun o, Bìláàlì. À ń lọ."

Bìláàlì kò dáhùn. Ó kàn ń hanrun.

Àsíyátù gbá Olúmidé lápá mú. "Ìwọ lo kí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ó yá, wá ibì kan jókòó sí. Ní agbo-ilé tiwa, ẹni tó bá gbé aláìsàn wálé, tó wá kí i ní okun, kì í lọ títí aláìsàn á fi dá a lóhùn. Bó bá lọ, bí ẹni kí òkú ló ṣe." Ó wo Virtue. "Ìwọ ò kí i. Máa lọ, ọmọ mi, o ṣeun."

Virtue gun kẹ̀kẹ́. Ó yíjú padà, ó fi ìka kan lé ètè, ó lọ.

Olúmidé jókòó sórí àpótí. Ohun tó yẹ kó ṣe kò yé e. Bó bá dìde, ó ti fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe òkú. Bó bá jókòó, ojú ìyá ni yóò máa wò.

Ìyá ọ̀hún kò sì bànújẹ́ rárá. Ayọ̀ ló ń ṣe é. Ọmọ rẹ̀ wálé, ibà ló sì ń ṣe é, ta ni kò mọ ibà? Ó já ewé dógóyárò lẹ́yìnkùlé, ó kó o sínú ìkòkò, ó koná mọ́ ọn, ó sì dá orin sílẹ̀:

*Ibà tó wọ ọmọ mi lára bí àlejò,*
*O kò rí àga jókòó sí.*
*Ewé ń bẹ lóko, omi ń bẹ níkòkò,*
*Ibà, dìde, ọ̀nà ilé rẹ nìyí.*

Ó ń kọrin, ó ń mi èjìká. Ó wọlé, ó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ níwájú orí. Ara rẹ̀ tutù bí ìsàlẹ̀ àmù.

"Òtútù ibà nìyí," ó ní. Ó kó kúbùsù méjì bò ó. Ó fi imú fa afẹ́fẹ́. "Kí ló ń rùn báyìí?"

Ẹnu Olúmidé ló dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó débẹ̀. "Oògùn ni, Ìyá. A fi oògùn kan pa á lára."

"Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìwọ kọ́ ni ọmọ Ẹ̀júkù tí ẹ jọ ń gbé? Ó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ ṣáá. Ó ní ìwọ lo máa ń bu ẹ̀wà sílẹ̀ de òun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ṣé o rí i? Mo ti ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọmọ yìí ò ní ṣìnà. Ó ní ẹni tó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Ó padà sídìí iná. Olúmidé tẹ́tí sí èémí Bìláàlì. Ó ń mí, ó ń dúró. Ó ń dúró, ó ń dúró, ẹ̀yìn náà ló tún mí, ohùn kan sì ń ru gùdùgùdù lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ bí omi nínú ìgò tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Ṣé bí òun náà ṣe ṣe lọ́dún tó kọjá nìyí? Ta ni ìbá bi? Àwọn tó wà níbẹ̀ ń jó. Ó wo ètè ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ó ti pàwọ̀ dà. Àbí òkùnkùn yàrá ni? Ó dìde, ó tún jókòó. Fóònù gbọ̀n lápò rẹ̀. Virtue ló kọ̀wé: *Ṣé o ti kúrò níbẹ̀? Rántí ohun tá a búra.*

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Ṣùgbọ́n Bìláàlì kò ní ogún ọdún nílẹ̀. Kò dá Olúmidé lójú pé ó ní ọjọ́ kan náà.

Àsíyátù wọlé pẹ̀lú ife àgbo, èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn orí ọmọ rẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì gbé ife sún mọ́ ẹnu. "Mu ún, ọkọ mi," ó ní. "Ó korò, ṣùgbọ́n mu ún."

Olúmidé ti rí ìyẹn rí. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe gbé orí náà sókè lórí àpáta. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ.

Kò mọ ìgbà tó fò dìde. Ó gbá ife náà kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà, àgbo gbígbóná dà sórí ẹní.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?" Àsíyátù figbe ta.

"Kì í ṣe ibà, Ìyá! Ọtí ni!"

Obìnrin náà wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni. "Ọmọ mi kì í mu ọtí."

"Kò mu ún, Ìyá. Wọ́n dà á sí i lẹ́nu ni. Wọ́n dà á títí ìgò fi gbẹ."

"Àwọn wo? Ìwọ ló ní ibà. Ìwọ ló ní oògùn lẹ fi pa á lára."

"Irọ́ ni mo pa."

Àsíyátù ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń fi èdè ìlú mìíràn bá sọ̀rọ̀. Bóyá ìbá ti pẹ́ níbẹ̀ tó ń wò ó bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe pé Bìláàlì ta gbọ̀n-ọ́n, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì níbi tó dùbúlẹ̀ gbalaja sí, tí èébì ń padà sí i lọ́fun. Olúmidé ju kúbùsù dànù, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìka kó èébì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Òórùn ọtí gba yàrá. Nígbà náà ni obìnrin náà gbà á gbọ́. Ó sáré bọ́ sójú títì láìwé gèlè, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè láti dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n, Sístà Miriam, kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Kí ló mu? Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Láti ìgbà wo?" Olúmidé dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi rọ́bà sí Bìláàlì nímú kó lè rí afẹ́fẹ́ mí, wọ́n fa omi sí i lára.

"Ẹ fún un ní nǹkan mu nílé?"

"Àgbo ni mo fẹ́ fún un," Àsíyátù ní. "Ọmọ yìí gbá a dànù."

"Ẹ dúpẹ́, Ìyá. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà, ohun tí ẹ bá dà sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ. Ìbá ti parí síbẹ̀."

Ìyá lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, Olúmidé jókòó sí ìpẹ̀kun kejì. Àsíyátù lọ kírun ọ̀sán, ó padà, ó tún jókòó. Kò kọrin mọ́. Virtue pe Olúmidé lórí fóònù.

"O ti sọ ọ́?"

"Mo ti sọ ọ́."

"O mọ̀ pé o kì í ṣe ọmọ àpáta mọ́. A ò mọ̀ ọ́ rí."

Olúmidé retí kó dun òun. Ó wá ibi tó yẹ kó ti dun òun nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ìyẹn náà tún rú u lójú.

Òrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí Bìláàlì lajú. Wọ́n pé lé e lórí. Ojú rẹ̀ rìn káàkiri yàrá, ó bọ́ sórí Olúmidé, ó dúró. Ètè rẹ̀ gbẹ, ohùn rẹ̀ ha bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

"Ṣé wọ́n gbà mí sẹ́gbẹ́?" ó ní.

Àsíyátù kò mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń bèèrè, ó ṣáà ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, títí Sístà Miriam fi ní kó rọra, àwọn aláìsàn mìíràn ń sùn. Ó wá yíjú sí Olúmidé.

"Ó ti fọhùn. O lè máa lọ."

Olúmidé dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró síbẹ̀, kò jáde.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí Àsíyátù, tó ti pe ilé pé ọmọ jí, bá a níbẹ̀. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Nǹkan kan wà tí kò yé mi. Ọmọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Àpò iṣu kan, òun nìkan ló ń gbé e kúrò lóko. Báwo ni wọ́n ṣe rí i mú tí wọ́n fi da nǹkan sí i lẹ́nu? Ta ló dì í mú?"

Gbogbo ọjọ́ náà ni Olúmidé ti ń sọ̀rọ̀, kò tíì sọ ìyẹn.

"Èmi ni, Ìyá." Ó wolẹ̀. "Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú sẹ́yìn. Ó ń wò mí. Mo ní kó fara balẹ̀, pé yóò tán láìpẹ́."

Obìnrin náà kò gbá a létí. Kò sì ní kò burú. Ó ń wo ọwọ́ ọmọ náà, méjèèjì, bí ẹni tó ń wo ẹrù tí kò mọ ẹni tó ni ín.

Ibẹ̀ ni Hàbíbàt, ẹ̀gbọ́n Bìláàlì obìnrin, ti wọlé, ó ru bàsíà mọ́sà gbígbóná tí ó dín fún sàráà, nítorí pé ọmọ jí. Àsíyátù gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Ó fún Sístà Miriam. Ó fún ẹni tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn. Ó fún àwọn tó wá tọ́jú ènìyàn tiwọn, ó fún onímàrúwá tó gbé wọn wá, tó padà wá bèèrè àlàáfíà aláìsàn. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ṣàdúrà, ẹnì kan tilẹ̀ ń ṣàwàdà pé kí wọ́n tún bá òun wá aláìsàn mìíràn lọ́la. Ó wá dé ọ̀dọ̀ Olúmidé.

"Gbà."

"Ìyá, mi ò lè…"

"Gbà, ó gbóná."

Ó gbà á. Ó wo ojú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìdáríjì ni tàbí ìyà ni wọ́n fún òun jẹ, ojú náà kò sọ nǹkan kan fún un. Ó bù ú jẹ. Ó dùn, ojú sì tì í pé ó dùn. Àsíyátù dúró níwájú rẹ̀, òmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì nà án sí i. Ó ń wo ọ̀fun ọmọ náà. Ìgbà tó rí i pé ó ti gbé e mì tán ló tó fún un ní èkejì.

Bàsíà ṣófo. Àwọn ènìyàn nu ọwọ́, wọ́n dágbére, wọ́n yó, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Olúmidé náà yó. Ó ti jáde ní géètì, ó ti rìn dé ìdí igi kan, kí ó tó yé e pé dídúró lobìnrin náà dúró dè é kó gbé e mì; lórí àpáta, kò sẹ́ni tó dúró de Bìláàlì.