Ọjọ́ Tí Olújìmí Mú Mi Lọ Wo Mọ́tò

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Olújìmí ti ń ra mọ́tò, kò ra ọ̀kan rí kí n má kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó lè ní olórí kunkun ni mí, ó lè ní òórùn gírísì ni mo fi ń ṣe lọ́fínńdà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti mi orí, kò ní sanwó. Lọ́yà ni òun, mẹkáníìkì ni èmi Jùbrílù. Ṣàpọ́n ní Abẹ́òkúta la ti jọ dàgbà, a sì jọ jókòó lórí àga kan náà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí bàbá mi tó ní ìwé ti tó gẹ́ẹ́, kí n lọ kọ́ṣẹ́. Mùsùlùmí ni mí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni òun. Ilé mi ló ti ń jẹ ẹran Iléyá, ilé rẹ̀ ni mo ti ń jẹ ìrẹsì Kérésì.

Nítorí náà, nígbà tó pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ pé òun fẹ́ fi ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan ṣe ẹ̀bùn ọgọ́ta ọdún fún ara òun, n kò béèrè bóyá kí n wá. Mo kàn béèrè aago mélòó ni, ó ní òun á wá gbé mi nílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ó ní mọ́tò méjì ló wà níbi tí òun ti fẹ́ rà á. Ọ̀kan ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Èkejì jẹ́ haibíríìdì, irú èyí tó ní ẹ́ńjìnnì tó ń lo pẹtiróò, tó tún ní bátìrì ńlá kan, tí àwọn méjèèjì á máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

"Ìwọ ni kí o yàn fún mi," ó ní. "Èyí tí o bá mú ni mo máa gùn."

Ọkàn mi kò balẹ̀, kí n má purọ́. Dísẹ́ẹ̀lì ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ dunjú. Ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ nípa haibíríìdì, Bàrákátù ọmọ mi ló kà á fún mi lórí fóònù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni Láńre. Ọ̀dọ̀ mi ni Láńre ti kọ́ṣẹ́, mo ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún un lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó wá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ọbáńtókò báyìí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó fi ń yẹ inú bátìrì wò. Bí Olújìmí bá ra haibíríìdì, ọ̀dọ̀ Láńre ni mọ́tò náà yóò máa lọ. Bẹ́ẹ̀, mọ́tò ló ń mú Olújìmí wá sọ́dọ̀ mi. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, á jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, á bọ́ bàtà, á máa rojọ́ àwọn adájọ́ fún mi títí n ó fi parí iṣẹ́. Àgbà tó wọlé dé sí wa lára yìí, n kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ìjókòó yẹn ni n kò fẹ́ pàdánù. Owó iṣẹ́ kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Létí títì ni Àmínù ti ń ta mọ́tò tòkúnbọ̀ rẹ̀, kí èèyàn tó wọ Itori. Ó kí wa dáadáa, ó gbé omi tútù wá, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò méjèèjì lé mi lọ́wọ́.

Èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Dúdú ni, ó ń dán, awọ àga rẹ̀ rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Mo ṣáná sí i. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí mo fi mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, atẹ́gùn gbígbóná sì ń ti ọwọ́ mi sókè. Inú ẹ́ńjìnnì ló yẹ kí agbára yẹn wà, òun ló ń sá jáde yẹn. Èéfín ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Èmi lè tún un ṣe o. Ọdún kan gbáko ni n óò fi máa tún un ṣe, Olújìmí á sì máa wá jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èrò yẹn wá sí mi lọ́kàn, n kò ní sẹ́ ẹ. Ahọ́n mi ti ń múra láti sọ pé àtúnṣe díẹ̀ ni.

Mo kọjá sí haibíríìdì náà, aláwọ̀ eérú. Mo tẹ bọ́tìnì rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Iná tàn lójú rẹ̀, mọ́tò kò sọ̀rọ̀. Inú bí mi sí i díẹ̀, torí etí ni mo fi ń jẹun. Mo gbé àga ẹ̀yìn kúrò, mo yọ ìdérí tó bo bátìrì, mo fi iná fóònù wò ó. Bóòtì mẹ́fà ló di irin tó gbá bátìrì náà mú. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo rí ìlà ṣọ́ọ̀kì funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti orí bóòtì bọ́ sórí irin.

Mi ò mọ mẹkáníìkì kankan ní Abẹ́òkúta tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ àfi àwa. Lọ́dún kan, táyà yọ lẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀sì oníbàárà mi lórí ìrìn nítorí pé ọmọ iṣẹ́ kan gbàgbé bóòtì méjì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ṣe é lófin pé bóòtì tí a bá ti fún le, a ó fa ìlà ṣọ́ọ̀kì lé e, kí a lè mọ̀ bó bá yí. Àwọn mẹkáníìkì yòókù ń pè wá ní tíṣà. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kì í lè fi í sílẹ̀ mọ́, nínú gbogbo wọn, ìlà Láńre ló sì máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Mo dá ìdérí bátìrì àti àga ẹ̀yìn padà sí àyè wọn. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo nu ọwọ́.

"Olújìmí, ṣé ẹnì kan ti wo mọ́tò yìí ṣáájú mi?"

"Ta ni n óò tún pè? Ṣé mo ní mẹkáníìkì méjì ni?"

Àmínù bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀.

"Láńre ńkọ́?"

"Láńre wo? Mi ò rí Láńre láti Iléyá."

Ojú mi ló ń wò nígbà tó sọ ọ́, kò sì ṣẹ́jú. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní kóòtù. Kò ṣe é fún mi rí.

Ó dùn mí wọra. Ó wù mí kí n ní kí ó ra dísẹ́ẹ̀lì, kí èéfín rẹ̀ máa bò ó lójú láti Aké dé Èkó. Ṣùgbọ́n n kò tíì purọ́ fún ẹnikẹ́ni nípa ẹ́ńjìnnì, n kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rẹ́ mi, bó ti wù kí inú bí mi tó.

"Má ra dísẹ́ẹ̀lì," mo ní. "Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó. Haibíríìdì ni kí o mú. Èmi ò lè tọ́jú rẹ̀ fún ọ. Láńre ni kí o máa gbé e lọ bá."

Olújìmí wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi. Ẹ̀rín ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún ni.

"Jùbrílù, o gbà mí sílẹ̀. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Mo ti sanwó rẹ̀ láti ọjọ́ Túsìdeè. Láńre ti yẹ̀ ẹ́ wò fún mi. Bí a ó ṣe sọ fún ọ ni èmi àti Miriam ń rò. Mo ní dísẹ́ẹ̀lì lo máa mú dandan, torí òun ni iṣẹ́ rẹ. Òun náà ní bẹ́ẹ̀ ni."

Miriam ni ìyàwó rẹ̀. Bàbá Bàrákátù ló ń pè mí, ẹran tó bá tóbi jù nínú ìkòkò ló sì máa ń fi sínú abọ́ mi.

"Bí mo bá wá mú dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́?"

"Màá ní Miriam ló yarí pé haibíríìdì lòun fẹ́. O ò kúkú ní bá ìyàwó mi jà. Mo kàn ní kí o wá wò ó kí ó má dà bí ẹni pé mo pa ọ́ tì. Nítorí iyì rẹ ni."

Iyì mi. Ó wá gbé mi nílé, ó gbé mi dé Itori, ó ní kí n máa rákò lẹ́yìn àga mọ́tò tó ti jẹ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin, ó wá ní nítorí iyì mi ni. Mo kó irinṣẹ́ mi sínú àpò, mo dágbére fún Àmínù, mo bọ́ sí títì.

N kò gbọ́ ìgbà tí mọ́tò náà dé ẹ̀gbẹ́ mi. Gíláàsì ló kàn ń sọ̀kalẹ̀.

"Jùbrílù, wọlé. Ṣé nítorí mọ́tò lásán ni?"

"Mo rí ìlà ṣọ́ọ̀kì Láńre kí n tó bi ọ́," mo ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fún ọ láàyè. Lọ́yà ni ọ́, Olújìmí. Ìwọ àti ìyàwó rẹ jókòó, ẹ dá mi lẹ́bi, ẹ ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi."

"Àṣìṣe ni, mo gbà. O fi hàn wá pé àṣìṣe ni. Ìdí tí mo fi jẹ́wọ́ nìyẹn."

"Ká ní mo mú dísẹ́ẹ̀lì, ṣé o máa jẹ́wọ́ fún mi láyé?"

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítárìn, ó ń wo iwájú.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ká ní mo purọ́ fún un ni, òun náà á rọra pa irọ́ tirẹ̀, á ní Miriam ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, a ó jọ rẹ́rìn-ín, á sì máa wá sórí bẹ́ńṣì mi bó bá ráàyè. Òótọ́ tí mo sọ ló tú wa ká.

Bọ́ọ̀sì kan tó ń lọ sí Abẹ́òkúta dúró, mo wọ̀ ọ́. Olújìmí ń bọ̀ lẹ́yìn wa títí a fi dé Ìta Òṣìn. Mo ń rí i nínú gíláàsì dírẹ́bà, n kò sì bojú wẹ̀yìn.