Kẹ̀kẹ́ Tí Yóò Dé Punta Arenas

Omi mímọ́ ṣì ń kán láti ìpéǹpéjú Nidia nígbà tí ojú òun àti ti àlejò kan ṣe mẹ́rin.

Àjọ̀dún Ìyá Wa ti Òkè Kámẹ́lì, Màríà alábòó àwọn awakọ̀, ni. Gbogbo ohun tó ní táyà ní Duitama ló ti kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì: ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n so òdòdó àti bàlúùnù mọ́ lórí, takisí, alùpùpù, kẹ̀kẹ́ bí eéṣú. Àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè bí ẹni pé etí ti di Màríà, fadá sì ń bu omi wọ́n ọkọ̀ àti ọlọ́kọ̀ pọ̀. Láàárín ariwo yìí ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́, tó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, wò ó, tó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Àyà Nidia yọ bí ṣéènì ṣe ń yọ lórí òkè. Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ tó máa ń kà lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, ibi tí obìnrin ti ń dákú nìyí.

Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ni Nidia. Ojú rẹ̀ fi ẹ̀rín náà sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí orúnkún ọkùnrin náà.

"Kẹ̀kẹ́ yẹn kéré fún yín!" ó pariwo kí ohùn òun lè borí fèrè. "Orúnkún yín fẹ́ẹ̀ máa bá àgbọ̀n yín sọ̀rọ̀!"

"Ti ìyá mi ni!" ọkùnrin náà pariwo padà. "Ilé Tibaduiza, oníkẹ̀kẹ́, ni mò ń wá!"

"Ilé wa nìyẹn."

Orúkọ rẹ̀ ni Fermín Sáchica, ará Sogamoso. Nidia mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí bàbá rẹ̀, Dọ́n Campo Elías, ti ń fi iná gáàsì àti idẹ so páìpù irin pọ̀ di egungun kẹ̀kẹ́. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ Boyacá, kò sẹ́ni tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ òkè bíi tirẹ̀. Àwọn tó ń gùn ún máa ń búra pé kẹ̀kẹ́ náà ló ń ti àwọn lẹ́yìn. Láti kékeré ni Nidia ti ń bá a fá irin, tó ń bá a kùn ún lọ́dà, tó sì ń jó èyí tó bá kán padà. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́: kẹ̀kẹ́ kan tí yóò ti orí tirẹ̀ wá, láti ìlà àkọ́kọ́. "Ọjọ́ ń bọ̀," ni bàbá rẹ̀ máa ń wí. Ọjọ́ náà kàn ń bọ̀ ṣáá ni.

"Níbo lo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ lọ?" Dọ́n Campo Elías bi àlejò.

"Punta Arenas."

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní Chile? Kí ló ṣe bàálù?"

Fermín fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, níbi tí nǹkan kan ti yọ gbúnńgbún nínú àpò ẹ̀wù. "Lẹ́tà ni. Ìyá mi kọ ọ́ kó tó kú, sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Evaristo, tó ń gbé níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Gbogbo èyí tó ti kọ ṣáájú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a padà, kò tú u."

"Tó bá dá èyí náà padà ńkọ́?"

"Lẹ́tà ló lè dá padà, Dọ́n Campo. Ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ láti Boyacá débẹ̀, ìlẹ̀kùn wo ló máa tì mọ́ ọn?"

"Orí kunkun ìdílé yín yìí ò kéré o," bàbá náà ní, ó sì ti ń wá okùn ìwọ̀n.

Ó wọn itan Fermín, ó wọn apá, ó wọn ẹ̀yìn. Ó kọjú sí páálí ńlá tó wà lára ògiri, pẹ́ńsù rẹ̀ sì ń fò. Kẹ̀kẹ́ tó yọ lára páálí náà kúrú, ó fúyẹ́, ó nàró ṣánṣán. Ó rẹwà débi pé Nidia gbé ọwọ́ lé ẹnu.

"Àṣá nìyẹn!" ni bàbá rẹ̀ wí.

"Bàbá, ẹrù rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹrù kẹ̀? A ó so ó mọ́ ọn."

"Àgọ́, ìkòkò, omi, aṣọ òtútù…"

"Ẹni tó bá ti gun òkè wa, ibo ni kò lè dé? Ìwọ ti rí àṣá tó gbé àpò rí?"

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Nidia rò ó nínú ara rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà òkè nìkan ni àwa níbí mọ̀. Kò janpata. Ó já kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri, ọmọ ìyá èyí tó wà lórí páálí gan-an. Ó di ọ̀dùnkún sínú àpò méjì, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tì í lọ sókè, síbi àgbélébùú tó wà lórí òkè àdúgbò náà.

"Nidia! Kẹ̀kẹ́ mi!"

Ó ti gùn ún, ó kọjú sí ìsàlẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ dára. Bí eré ṣe pọ̀ ni iwájú kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, díẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà gìdìgìdì, bí ajá tó ń gbọn omi nù. Ó fi orúnkún méjèèjì fún irin òkè mọ́ra, ó rọra tẹ bíréèkì títí kẹ̀kẹ́ fi dúró. Àpò kan tú. Ọ̀dùnkún ń yí gbirigbiri lọ sí ìsàlẹ̀ títì.

"Nidia o!" ni ìyá kan tó ń dín arẹ́pà, àkàrà àgbàdo, lẹ́bàá ọ̀nà ké. "Ṣé o ti sọ fún wọn pé ìwọ lo máa sè wọ́n ni, tí wọ́n fi ń sá?"

Fermín ló kọ́kọ́ débẹ̀, tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Dọ́n Campo Elías dé tẹ̀lé e, ó ń mí helehele. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo táyà iwájú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́.

"A kì í mọ̀ ọ́n rìn, kí orí má mì," ó wí jẹ́ẹ́. Ó yọ pẹ́ńsù kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀, ó nà án sí i. "Fa tìrẹ."

Wọ́n padà sí ẹ̀yìnkùlé, Nidia sì kọjú sí páálí. Ó fa ara kẹ̀kẹ́ gùn, ó ti táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn kí gìgísẹ̀ Fermín má baà máa gbá àpò. Ó tẹ irin tó di táyà iwájú mú síwájú díẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ lè máa rìn ní tààrà bí ọkùnrin tó ń ti oko bọ̀. Ó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè nítorí ẹ̀yìn, ó fi àyè sílẹ̀ fún táyà sísanra. Irin ni, kò sí nǹkan mìíràn. Tó bá kán ní abúlé kan ní Bolivia, wẹ́dà tó ń tún géètì ṣe lè jó o padà.

"Ó máa wúwo," bàbá rẹ̀ ní.

"Ó máa débẹ̀."

Dọ́n Campo Elías lọ gbé omi gbígbóná páńẹ́là, ṣúgà ìrèké, wá, ife ọmọ rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ kún, kó tó kan ti àlejò.

Bí ó ti ń fà á lọ ni ó yé Nidia pé gbogbo ìlà tó bá fà dáadáa ń gbé ẹ̀rín Fermín yẹn lọ jìnnà sí òun. Ìlà kan péré ló nílò láti bà jẹ́ kí Fermín má lè lọ. Ó pọ́n pẹ́ńsù, ó sì fa èyí tó kàn, ó dára ju ti ìṣáájú lọ.

Nígbà tó parí, ó ní kí Fermín kó gbogbo ẹrù tó gbé wá sórí òṣùwọ̀n ọ̀dùnkún. Àgọ́. Ìkòkò. Ruana ìyá rẹ̀, ìborùn onírun tí òórùn àgùntàn ṣì wà lára rẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan," Nidia ní, ó ń wo àpò àyà rẹ̀.

"Èyí ò wúwo."

"Ta ló ń ya kẹ̀kẹ́? Èmi ni àbí ẹ̀yin? Ẹ gbé e wá."

Fermín rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó pẹ́ kó tó yọ ọ́. Ọ̀rá ló fi wé e. Ó rọra gbé e lé orí ruana náà. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kò mì rárá. Nidia wo abẹ́rẹ́ náà, ó wo páálí, ó sì rí i pé nǹkan tí abẹ́rẹ́ kò rí yìí ni òun ti ń fa ìlà fún láti ọ̀sán.

Ìkùukùu dúdú ti bo òkè. Fermín di ẹrù rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ kékeré náà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ bíi ti òwúrọ̀, ó sì mú lẹ́tà náà dání, kò dá a padà sí àpò.

"Òjò ti dé ọ̀nà Sogamoso," ó wí. "Ẹ bá mi tọ́jú èyí títí kẹ̀kẹ́ yóò fi parí… Mi ò tíì fún ẹnikẹ́ni rí o. Àbúrò mi gan-an, mi ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án."

Nidia nu èérú pẹ́ńsù ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara aṣọ iṣẹ́, ó tún un nù lẹ́ẹ̀kejì, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Fermín fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.