Orúkọ Bàbá Lórí Fọ́ọ̀mù

Bàbá Oníbúrọ́ọ̀ṣì ló ń kọ pátákó fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òpópónà náà, láti ọ̀dọ̀ agẹrun títí dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́tà tí kò bá tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, kò kà á kún lẹ́tà.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin tó ń tọ́ mú fọ́ọ̀mù wálé, òun ló já bíírò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Yunifásítì kan lókè òkun ti gba ọmọ náà láti kọ́ nípa afárá ṣíṣe. Owó rẹ̀ kọjá ohun tí pátákó kíkọ lè san láéláé, àmọ́ àjọ kan wà nígboro tó ń san gbogbo owó ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lọ́dún.

"Ẹ jẹ́ kí n fúnra mi kọ ọ́, Bàbá."

"Ìwọ wo? Ìwọ tí ìkọ̀wé rẹ dà bí ibi tí adìẹ ti ta ilẹ̀? Ẹnjiníà, jókòó jẹ́ẹ́."

Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ 'Orúkọ bàbá' sí, ó dáwọ́ dúró díẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló bí ọmọ náà. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa àbúrò yìí àti ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ọmọ wọn wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Láti ìgbà náà, Oníbúrọ́ọ̀ṣì ló ń di irun rẹ̀, òun ló ń gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn, òun ló ń lọ jókòó nípàdé òbí. Síbẹ̀, 'alágbàtọ́' ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń kọ síwájú orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dùn ún wọra. Lọ́jọ́ yẹn, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà, ó sì fi ìrù sí lẹ́tà ìkẹyìn. Fọ́ọ̀mù náà tún béèrè bóyá bàbá wà láàyè. Ó kọ 'Bẹ́ẹ̀ ni.' Ká má purọ́, ìgbéraga wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ló bí i.

Ó ní kí ọmọ náà yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì lọ fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ọmọ náà pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ká a. "Ó dáa, Bàbá," ló wí.

Èsì dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Oníbúrọ́ọ̀ṣì nìkan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó já a. Wọ́n ní èsì ìdánwò ọmọ náà ló ga jù lọ. Àmọ́ ọmọ òrukàn nìkan ni owó náà wà fún, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, bàbá tirẹ̀ sì wà láàyè.

Ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì! Níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹyin èèrà, níbi tí ojú ọ̀gá akọpátákó kò dé. Ó ju lẹ́tà sórí àpótí, ó sì fi aṣọ iṣẹ́ tí ọ̀dà ti bà jẹ́ sáré lọ sí ọ́fíìsì àjọ náà.

"Mà, àṣìṣe ni," ló wí fún obìnrin tó wà nídìí tábìlì, lẹ́yìn tó ti dárúkọ ara rẹ̀ àti ti ọmọ náà. "Èmi ni mo kọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́."

"Orúkọ yín ló wà níbí. Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni bàbá rẹ̀ ni?"

Agẹrun ti sọ nígbà kan pé kì í ṣe bàbá ọmọ náà, ó sì bá a jà nítorí rẹ̀.

"Èmi kọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ sókè."

"Mo ní èmi kọ́ ni bàbá rẹ̀."

Obìnrin náà bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Àánú ṣe é lóòótọ́. Ó ní àwọn ti fún ẹlòmíràn lánàá, onítọ̀hún sì ti fọwọ́ síwèé.

Nígbà tó padà, ọmọ náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì. Lẹ́tà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo bà á jẹ́ fún ẹ, Ẹnjiníà. Mi ò ka ìsàlẹ̀ ìwé."

"Èmi kà á." Kò gbójú sókè. "Mo kà á kí n tó lọ fi sílẹ̀. Mo rí orúkọ yín níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé bíírò kí n fagi lé e. Ọwọ́ mi ò gbà á, Bàbá."

Oníbúrọ́ọ̀ṣì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ ti lọ bá wọn, àbí? Kí lẹ sọ?"

Ì bá purọ́. Ọkàn rẹ̀ ti dàrú jù láti purọ́.

"Mo ní èmi kọ́ ni bàbá rẹ."

Ọmọ náà dá ọwọ́ dúró. "Ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo rò pé wọ́n á fún ẹ ni."

"Wọ́n wá fún mi?"

"Rárá."

Ọmọ náà kò sunkún nígbà tó ka lẹ́tà. Ìgbà yìí ló bú sẹ́kún. Oníbúrọ́ọ̀ṣì nawọ́ kó fi gbá a mọ́ra bó ṣe máa ń ṣe, ló bá fa ọwọ́ náà padà, ó sì ń wo ọmọ náà bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ gbà á láyè.