Ọládùnjoyè Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Jáde

Bí ẹ bá rí Mùfúlíátù, ìyá Ọládùnjoyè, láàárọ̀ Sátidé yẹn, ẹ óò rò pé òun gan-an ni wọ́n fẹ́ mú sínú ẹgbẹ́ eléré. Láti Jíkwóyì ló ti ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì:

Ọmọ mi ń lọ, ẹ yà fún un o,
Òkè òkun mọ̀ ọ́n, ilé á mọ̀ ọ́n,
Ọmọ mi ń lọ, ẹ yà fún un!

"Màámi, ẹ rọra, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò! Ṣé mo jí ọmọ gbé ni?"

Kíríkẹ́ẹ̀tì ni Ọládùnjoyè ń gbá. Láti yunifásítì ló ti mọ̀ ọ́n gbá débi pé wọ́n wá mú un lọ sí Ìlú Ọba. Ó gbá fún ẹgbẹ́ kaúńtì, ìyẹn àgbègbè kan, níbẹ̀, fọ́tò rẹ̀ ń jáde nínú ìwé ìròyìn, títí orúnkún fi yẹ̀, wọ́n ní kó máa relé. Ó ti ń súnmọ́ ogójì ọdún báyìí. Àyè ẹnì kan péré ló kù nínú ẹgbẹ́ Àbújá tó ń lọ fún ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè. Afeez, olórí ẹgbẹ́ náà, ò fi bò fún un: "Bùrọ̀dá, ẹ bá gbá a dáadáa lónìí, ẹ̀ ń bá wa lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́."

Mùfúlíátù jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ohun tó yé e nínú eré náà ò pọ̀: pátákó ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, bí ẹlòmíì bá hán an kó tó balẹ̀, tí adájọ́ náka sókè, ẹni tó gbá a ti kú nìyẹn, kó jáde ló kù.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sí i, gbàù! Ó di òdìkejì pápá. Ìyá dìde, ó jó, ó tún gèlè wé. Èyí tó tẹ̀ lé e gba ẹ̀gbẹ́ pátákó kọjá, ẹni tó wà lẹ́yìn hán an, ariwo sọ. Màmúdù adájọ́ mirí.

"Rárá. Mi ò gbọ́ kó kan pátákó."

Ṣùgbọ́n Ọládùnjoyè ti ki pátákó bọ abíyá, ó ń bọ̀.

"Pa dà!" Mùfúlíátù figbe ta. "Ta ló lé ọ?"

Afeez sáré pàdé rẹ̀. "Kai, bùrọ̀dá! Adájọ́ ní ẹ ò tíì kú!"

"Ó kan pátákó mi. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni, àmọ́ ọwọ́ mi mọ̀."

"Ta ló bi yín?"

"Ní Ìlú Ọba tí mo ti gbá a, ẹni tó bá mọ̀ pé òun ti kú kì í dúró kí wọ́n lé òun."

"Àbújá nìyí o! Ẹ kúkú pa dà lọ bá wọn níbẹ̀, kí wọ́n yàn yín!" Afeez kọ ẹ̀yìn sí i, ó pe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń dúró. "Ismaheel! Múra. Ìwọ ló kàn. Àyè yẹn ti di tìẹ."

Mùfúlíátù ti dé ọ̀dọ̀ Màmúdù. "Alhájì, sànnu. Ẹ bá mi pè é pa dà."

"Màámá, ó ti jẹ́wọ́. Kí ni kí n pè é sí?"

Ó pa dà wá jókòó ti ọmọ rẹ̀. Orin ò wá sẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Bó o bá dúró ńkọ́, Àkàndé? Ṣé Ọlọ́run á bínú ni?"

"Mi ò mọ̀, màámi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró."

Ismaheel dé, ó ń họ orí. "Bùrọ̀dá, ẹ má bínú, mi ò ní ohun ààbò tí mo máa dè mọ́ ojúgun. Ẹ yá mi ní tiyín."

Ọládùnjoyè tú u kúrò lẹ́sẹ̀, ti ọ̀tún, ti òsì. Ó bá a dè é, ó fà á le.

Kò bi í léèrè ọjọ́ tó máa dá a pa dà.