Ewé Tẹ̀tẹ̀ Tí Ìyá Mi Sè

Àlàó, bàbá ìyá mi, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹni tó bá jẹun lójú àlá, àìsàn ló gbé mì. Èmi sì ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ìyàwó mi ti gba iyọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ̀fọ́ ló fi ń bọ́ mi, ó sì ń lé mi jáde lọ rìn láàárọ̀.

Lójú àlá, mo ń rìn bẹ́ẹ̀ nínú ọyẹ́, ni mo bá dé ìdí tẹ̀tẹ̀ kan tó ga ju ìrókò lọ. Ewé rẹ̀ kan tó òrùlé ilé, omi tútù ń kán lára rẹ̀. Mo wòkè títí fìlà fi jábọ́ lórí mi. Ìyá mi tó ti kú jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ti se ewé kan ṣoṣo, ìkòkò kún.

“Àkàndé, jẹun.”

“Ẹ má bínú, Màámi, wọn kì í jẹun lójú àlá.”

“Iyọ̀ tó sọ ẹ́ dà báyìí, ṣé ojú àlá lo ti jẹ ẹ́?”

Mo bu ewé náà sẹ́nu, ara mi fúyẹ́, ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ gbé e mì ni mo jí, ó sì wà lẹ́nu mi síbẹ̀, láìníyọ̀. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, kí n gbé e mì, àbí kí n tu ú dànù?