Gíláàsì Tí Wọ́n Ní Kí Ó Tọ́jú

Sáírìn àkọ́kọ́ ti ké kí Mọ́nsúrátù tó rí àpótí ìjókòó gùn. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ yọ gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ògiri yàrá ti sán. Ó rọra wé e sínú gèlè, ó tì í sábẹ́ àwọn aṣọ olóògbé ọkọ rẹ̀, ó sì jáde lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò bí ilé-iṣẹ́ afọ́kúta ṣe pàṣẹ.

Òkúta bú. Ilẹ̀ gbọ̀n títí dé eékún rẹ̀, páànù orí ilé mì jìgìjìgì. Tẹ́lẹ̀, á ti pariwo orúkọ Ọlọ́run. Ní báyìí, ó kàn ń wò ó ni. Láti oṣù kẹjọ tí ìjọba ti ti bọ́dà, tí kò ṣeé ṣe mọ́ láti gbé àpò ìrẹsì kan láti Kétu wọ Ìwòyè, ara obìnrin yìí ti kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé lórí. Òwò ọgbọ̀n ọdún dáwọ́ dúró, kò sunkún. Toheebat, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kó lọ sí Ìlaròó, kò sunkún. Ilé yìí nìkan ló ṣẹ́kù, ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi èrè ìrẹsì kọ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá wó, kò sí ibi tí òmíràn yóò ti wá.

Kò tíì padà wọlé tí ọ̀kadà Ọdúnayọ̀ fi dé. Pólì Ìlaròó ni Ọdúnayọ̀ ti jáde, òun sì ni ilé-iṣẹ́ náà gbà láti máa ṣọ́ ọ bóyá ẹ̀tù wọn ń ba ilé àwọn èèyàn jẹ́.

"Ẹ kú ìfaradà, Màmá. Ihò ẹ̀tù méjì ò bú lọ́hùn-ún, a máa tún un yìn láago mẹ́rin. Ẹ jẹ́ n yẹ gíláàsì wò."

Wọ́n jọ wọlé. Ọdúnayọ̀ wo ògiri, ó wo ilẹ̀.

"Màmá, gíláàsì dà?"

"Mo ti tọ́jú ẹ." Ó tú gèlè, ó nà án sí i. "Wò ó, kò ní àléébù kankan. Ìgbà kẹsàn-án rèé."

"Ìgbà kẹsàn-án kí ni?"

"Tí mò ń yọ ọ́. Wọ́n á fọn sáírìn, màá yọ ọ́. Òkúta á bú tán, màá fi gọ́ọ̀mù bàtà lẹ̀ ẹ́ padà. Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí n bá ẹ tọ́jú ẹ, pé iṣẹ́ ẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni?"

Ọdúnayọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìtọrọ àyè. "Màmá, mo ní kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án ni mò ń sọ. Ara ògiri ló yẹ kó wà. Tí ilé bá mì jù, á fọ́, àwa náà á sì mọ̀ pé ẹ̀tù ti pọ̀ jù. Kó lè fọ́ la ṣe fi í síbẹ̀!"

Kò sẹ́ni téèyàn lè dá lẹ́bi tán. Wọ́n ń tọ́jú aláìsàn ní gbangba, wọ́n sì ń tọ́jú góòlù sábẹ́ aṣọ. Ẹni tó bá ní kí opó tọ́jú nǹkan, kó yáa sọ èyí tó ń wí.

Ọdúnayọ̀ ṣí ìwé rẹ̀ hàn án. Ìlà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lórí gbogbo wọn: Kò fọ́.

"Ohun tí mò ń kọ síbí ni ọ̀gá ń kà tó fi ń bu ẹ̀tù kún ẹ̀tù. Ó ní ilé yín le. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n tún fẹ́ sún mọ́ ibí."

Mọ́nsúrátù wo ògiri. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lẹ gíláàsì, èékánná kò lè wọ ojú ibi tó sán. Ní báyìí, ó ki ìka méjì bọ̀ ọ́, atẹ́gùn ìta sì fẹ́ sí i lọ́wọ́. Àfọwọ́fà rẹ̀ ni. Ó dúró kí ọ̀rọ̀ náà dun òun, kò dùn ún.

"A lè fi òkúta fọ́ gíláàsì yìí báyìí," ni Ọdúnayọ̀ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Màá kọ ọ́ pé òní ló fọ́. Wọ́n á dín ẹ̀tù kù. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Èyí tó ti sán tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Ọdúnayọ̀ wo ìlà mẹ́jọ náà. Ìwé á ní ilé náà kò mì rí títí di òní, kò sì ní sẹ́ni tó máa bá a tún un ṣe.

"Tó o bá wá kọ òótọ́?"

"Wọ́n á lé mi, Màmá. Iṣẹ́ wo ló tún kù ní bọ́dà yìí?"

Mọ́nsúrátù gbé agolo gọ́ọ̀mù fún un. "Lẹ̀ ẹ́ padà. Jẹ́ kí ilé sọ tẹnu ẹ̀."

Láago mẹ́rin, sáírìn ké. Ẹsẹ̀ Mọ́nsúrátù ti ń gbé e lọ sídìí àpótí kí ó tó rántí. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó bá Ọdúnayọ̀ jáde. Ihò méjì péré ló bú, kò tó ìdajì ti àárọ̀.

Nígbà tí wọ́n wọlé, gíláàsì ti là sí méjì lára ògiri.

Mọ́nsúrátù fi ìka kan ojú ibi tó là. Ẹkún tó ti ń dúró láti oṣù kẹjọ bá bú jáde: ẹkún ìrẹsì, ẹkún Toheebat, ẹkún ilé. Ọdúnayọ̀ kò ní kó dákẹ́. Ó jókòó, ó fa igi lé ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lórí, ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé: Kò sí lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló kọ ti òní: Ó fọ́.

"Má tíì gbé báírò yẹn sílẹ̀," ni obìnrin náà wí bó ṣe ń nu ojú. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mò ń yọ ọ́, pé ìwọ ò mọ̀."

Nígbà tí Ọdúnayọ̀ kọ ọ́ tán, Mọ́nsúrátù fi báírò kun àtàǹpàkò ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ìwé náà, ó sì dá ìwé padà fún un.

"Ó yá, tọ́jú ẹ," ló wí. "Ṣùgbọ́n má fi í pamọ́ o."