Kíláàsì Orí Àga Ẹ̀yìn

"Tíṣà, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu," ni Ọ̀gá Rọra wí, ó sì fẹ̀yìn ti àga kékeré tí wọ́n ṣe fún ọmọ iléèwé. "Ọmọ tèmi ò ní mú ẹ̀kọ́ mẹ́ta bíi tàwọn yòókù. Márààrún ni yóò mú, yóò sì fi ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣe ìpápánu."

Obìnrin tó ń darí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì iléèwé náà wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Físíìsì, kẹ́mísìrì, bàọ́lọ́jì, ìṣirò gíga àti kọ̀ǹpútà: gbogbo ohun tó le jù ní kíláàsì àgbà ni bàbá yìí kó lé ọmọ kan ṣoṣo lórí, bí ẹni ń di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

"Bàbá, ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo," ni obìnrin náà wí. "Ká má tíì wá sọ eku márùn-ún."

"Bó bá jẹ́ èèyàn ni. Ológbò lọmọ tèmi."

Ológbò náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

"Ó dáa," ni tíṣà wí. "Ìsinmi gígùn nìyí. Kó múra sílẹ̀. Kí wọ́n tó wọlé padà, a máa dán an wò nínú gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá yege ni ká jẹ́ kó ṣe. Èyí tó bá ti fìdí rẹmi, kó gbàgbé ẹ̀."

Iṣẹ́ Ọ̀gá Rọra ni kíkọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun tí ìyàwó rẹ̀ nìkan ń rántí, nítorí "rọra" ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu dùn-ún ròfọ́, kò sì rọra lọ́jọ́ náà. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́nu ọ̀nà ti gbọ́, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti gbọ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé márààrún ni. Bí ọmọ bá yọ̀ ṣubú báyìí, bàbá ló máa nalẹ̀.

"Nílé kọ́ ló ti máa kàwé," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Nílé, bẹ́ẹ̀dì wà. Nílé, fóònù wà."

"Èmi náà wà nílé," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

"Ìwọ gan-an lò ń ní kó lọ sùn."

Bí ọmọ ṣe di èrò àga ẹ̀yìn nìyẹn, nínú ọkọ̀ tí wọ́n gbé pátákó pupa lé lórí kí aráyé lè sá fún un. Òfin kan ló wà: kó máa kàwé sókè, kí bàbá lè mọ̀ pé kò sùn. Ẹni tó sì ń jókòó sídìí sítíárìn lọ́pọ̀ òwúrọ̀ ni Ìyá Oníbúrẹ́dì, àgbà obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Awakọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì fún un ti já a jù sílẹ̀ láìdágbére, ìyá sì ti búra pé ẹnikẹ́ni ò tún ní fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dá òun lóró mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìdánwò ọkọ̀ wíwà, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n ní kó máa lọ sílé.

"Kílọ́ọ̀ṣì, Màmá. Rọra. Dókítà, mi ò gbọ́ ẹ." Dókítà ló ń pe ọmọ náà láti ìgbà tó ti ń rákò.

"Bí ásíìdì bá pàdé alikálì, iyọ̀ àti omi ló máa ń jáde," ni ọmọ kà, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn tó kú.

"Tún un kà. Màmá, òsì. Òsì ni mo wí. Rọra. Dókítà, gbé ojú kúrò nínú ìwé. Ásíìdì àti alikálì, kí ni wọ́n bí?"

Ọmọ ń na ọrùn wo títì láti àga ẹ̀yìn.

"Iyọ̀ àti omi," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí, ó sì yà sọ́tùn-ún.

Fèrè ọkọ̀ ń dún lẹ́yìn wọn, ọ̀kan ò dúró de èkejì. Ẹ́ńjìnnì kú. Ìyá Oníbúrẹ́dì di sítíárìn mú bí ẹni di ọmọ mú létí odò.

"Màmá, ẹ kọ́kọ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ tó ṣíná," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ wo dígí. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá yẹn kọjá. Ó yá, ẹ máa tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

Ọkọ̀ gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ojú ìwé rẹ ni kó o wò," ni Ọ̀gá Rọra wí. "Àwa la ń wo títì."

"Ẹ fi í sílẹ̀, Ọ̀gá mi. Ọmọ yìí mọ àlàyé ṣe."

"Màmá, ẹ má bá mi ba ọmọ jẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ìsinmi ń tán lọ. Ọ̀gá Rọra ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ohùn kò dákẹ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣàkíyèsí: nígbàkígbà tí òun bá tẹ bíréèkì kejì, èyí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ olùkọ́, ohun kan a dún gbì lẹ́yìn, bí ẹni fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Ó rò pé ẹ̀fọn ló ń jẹ ọmọ lẹ́sẹ̀. Ó ra oògùn ẹ̀fọn, ó fọ́n ọn sínú ọkọ̀, gbogbo wọn wúkọ́ títí dọ́sàn-án.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ní tirẹ̀ ń gbé ẹ̀kọ́ lọ sílé. Bó bá ń po ìyẹ̀fun, a máa ka orúkọ àwọn èròjà inú ìwé kẹ́mísìrì ọmọ náà: háídrójìn, hílíọ̀mù, lítíọ̀mù. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rò pé àdúrà ni, wọ́n ń ṣe àmín.

Ọmọ ṣe ìdánwò tirẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọjọ́ tí èsì máa jáde gan-an ni Ìyá Oníbúrẹ́dì bọ́ sí pápá ìdánwò ọkọ̀ wíwà lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá àti ọmọ dúró lẹ́yìn ọgbà, wọ́n ń wò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ìyá tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, báàgì lábíyá.

"Àyà mi ń já," ó wí. "Mo wá ní kí n fi kẹ́mísìrì tu ara mi nínú. Mo ti ka orúkọ àwọn èròjà dé kálísíọ̀mù kí ọkùnrin tó ń dán mi wò tó sọ fún mi pé mi ò tíì tú bíréèkì ọwọ́. Ó ní òórùn ti ń jáde lábẹ́ ọkọ̀."

"Bíréèkì ọwọ́," ni Ọ̀gá Rọra wí. "Màmá, bíréèkì ọwọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ yín. Ọmọ ọwọ́ gan-an mọ̀ ọ́n."

"Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n mi ò fo ìkankan nínú orúkọ wọn."

Ó bá wọn wọkọ̀ lọ síléèwé, ó ní òun ò tíì fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ òun rí ojú òun.

Tíṣà ti ń retí wọn. "Ẹ jókòó, Bàbá. Nínú eku márùn-ún, méjì ni ológbò yín rí mú."

Ọ̀gá Rọra kò jókòó.

"Físíìsì àti ìṣirò gíga. Ní ti físíìsì, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn nínú gbogbo ọmọ tó ṣe ìdánwò náà. A bi wọ́n pé kí ló dé tí ọkọ̀ kì í dúró lójú ẹsẹ̀ bí a bá tẹ bíréèkì. Àwọn yòókù kọ ìlà mélòó kan. Òun kọ ojú ìwé méjì, ó yàwòrán sí i, ó tún kọ ohun tí àwọn àgbàlagbà máa ń ṣì ṣe."

"Kẹ́mísìrì ńkọ́?"

"Orúkọ rẹ̀ ló kọ síbẹ̀. Ó sì kọ ọ́ dáadáa."

"Kí lẹ bi wọ́n?" ni Ìyá Oníbúrẹ́dì bèèrè lẹ́nu ọ̀nà.

"Ohun tí ásíìdì àti alikálì máa ń bí."

"Iyọ̀ àti omi."

Tíṣà yíjú sí i. "Ìyá, kíláàsì wo lẹ wà?"

Ọ̀gá Rọra kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Gbogbo èyí tí ò ń kà láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́?"

"Mo kà á, Dádì. Màmá ló gbọ́ ọ." Ọmọ náà fa ìwé sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó mú bírò. "Tíṣà, mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ẹ̀rọ kún méjèèjì yìí. Mẹ́ta ni mo fẹ́ ṣe. Mẹ́ta náà ni mo fẹ́ nígbà tá a kọ́kọ́ wá síbí, ẹ ò bi mí ni."

Ó fọwọ́ sí i. Tíṣà wo bàbá. Bàbá ń wo pátákó ìkọ̀wé, ó ń wá ohun tó máa sọ fún ọkùnrin tó ń lẹ táyà.

"Kò burú," ó wí nígbẹ̀yìn. "Bí ọmọ tèmi bá ṣe mẹ́ta, bíi mẹ́fà ni yóò rí."

Nínú ọkọ̀, Ọ̀gá Rọra gbé ọwọ́ lé sítíárìn. Ìyá Oníbúrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ wà lórí àga ẹ̀yìn.

"Ẹ wò mí, ẹ̀yin méjèèjì," ó wí. "Ọ̀kan ń fi ọkọ̀ kàwé, ọ̀kan ń fi ìwé wakọ̀. Ẹ wá wo bí ẹni tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Ó kọ́kọ́ máa ń fọkàn balẹ̀ ni."

Ó ṣíná, ó ki jíà, ó tẹná mọ́ ọn. Ọkọ̀ kérora, ó gbọ̀n rìrì bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lókùn, kò kúrò lójú kan. Ó tún tẹná mọ́ ọn. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbóòórùn nǹkan kan, ó la ẹnu, ó pa á dé.

"Dádì," ni ọmọ wí láti ẹ̀yìn, "ẹ ò tíì tú bíréèkì ọwọ́."